Ọ̀rọ̀ Mẹ́ta Tí Kò Lè Jáde Lẹ́nu Ọ̀gá Àgbà

Ẹni tó bá sọ fún yín pé ìgbéraga kì í ṣe ohun tó le, ẹ bi í bóyá ó ti bá Ọ̀gá Gbohùngbohùn há sínú ẹ̀rọ agbéniròkè rí. Ó kan obìnrin kan bẹ́ẹ̀, ipò Mínísítà ló sì wà. Ẹ fìdí mọ́lẹ̀ kí n rò ó fún yín. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Ọkùnrin tó dá a sílẹ̀ nìkan ló gùn lójú ara rẹ̀.

Ohun tí wọ́n kọ sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀ pọ̀ débi pé ẹni tó bá fẹ́ kà á tán ní láti dúró mí láàárín: Ọ̀gá Àgbà Pátápátá, Ilé-iṣẹ́ Ìpè Pàjáwìrì, Alábòójútó Ọkọ̀ Panápaná àti Áńbúláǹsì, Ohùn Ìlú, Etí Ìlú, Ojú Ìlú. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ gé e kúrú. Lójú rẹ̀, Ọ̀gá Àgbà ni wọ́n ń pè é. Lẹ́yìn rẹ̀, Gbohùngbohùn ni, nítorí kò sí gbohùngbohùn kan tó rí tí kì í gbà mú. Bí ẹnìkan bá kàn ń dán ẹ̀rọ náà wò, tó ṣe "hàló, hàló", Ọ̀gá Àgbà á ti dìde, á ti tún kóòtù rẹ̀ ṣe, á ti máa kí àwọn àlejò tí kò tíì dé.

Iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà kò ṣòroó ṣàlàyé. Bí ilé rẹ bá ń jó, tàbí àìsàn gbé ẹnìkan ṣánlẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ, wàá pe nọ́ńbà kan. Obìnrin kan ní yàrá ìpè á gbé e, á bi ọ́ pé àdúgbò wo, á sì rán ọkọ̀ sí ọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn kí ọ̀gá wa tó dé. Nígbà tó dé, ó yẹ ètò náà wò látòkè délẹ̀, ó sì rí i pé kò síbì kankan tí wọ́n ti nílò òun níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra.

Ohun tó wá fi iyọ̀ sí egbò náà ni pé lọ́jọ́ kan, òun àti àwọn èèyàn ńlá kan dúró níwájú ilé ìfowópamọ́, ni ọkọ̀ panápaná bá sáré kọjá pẹ̀lú ariwo. Ọ̀kan nínú wọn bi í pé, "Ọ̀gá, ibo ni wọ́n ń sáré lọ?" Kò mọ̀. Ó dúró síbẹ̀ bí ẹni tí ṣòkòtò já bọ́ lára rẹ̀ lójú ọjà. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ dáadáa tó fi ṣòfin pé ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ kúrò lọ́gbà mọ́, àfi tí awakọ̀ bá ti gbọ́ ohùn òun fúnra òun lórí fóònù.

Ẹ má sì rò pé "Máa lọ" lásán ni yóò sọ o. Ọ̀gá Àgbà yóò kọ́kọ́ kí awakọ̀, yóò rán an létí iyì iṣẹ́ tó ń ṣe, yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọba, yóò gbàdúrà fún ìlú, kó tó wá kan iná tó ń jó. Ilé kan wà tó jẹ́ pé kí wọ́n tó ṣe àmín, àwọn ará àdúgbò ti fi bọ́kẹ́ẹ̀tì pa iná náà, wọ́n ti gbálẹ̀ síbẹ̀, ẹni tó nilé sì ti ń wá ibi tí yóò sùn.

Ó fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ń pa òfin náà mọ́. Nítorí náà, ó yọrí lójú fèrèsé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó kígbe sí awakọ̀ panápaná tó dàgbà jù lọ, ẹni tí wọ́n ń pè ní Bàbá Sùúrù, pé, "Ẹ máa lọ o! Ilé ń jó!" Bàbá Sùúrù ti ń pa iná láti ìgbà tí wọ́n ṣì ń bá Ọ̀gá Àgbà so okùn bàtà. Ó fò sínú ọkọ̀. Kò tíì dé géètì tí wọ́n fi dá a dúró. Kò sílé tó ń jó, ìdánwò ni. "Ohùn ojú fèrèsé kì í ṣe ohùn orí fóònù," ni Ọ̀gá Àgbà wí, ó sì ní kí bàbá náà lọ jókòó sílé títí oṣù yóò fi parí. Ẹni tí ejò bá sì ti bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá. Látọjọ́ náà, bí Ọ̀gá Àgbà bá sín lójú fèrèsé, gbogbo awakọ̀ á gbé ọwọ́ kúrò lórí ọkọ̀ wọn.

Àwọn wọkí-tọkí tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ó kó wọn sí yàrá kékeré lábẹ́ àtẹ̀gùn, ó ti ilẹ̀kùn, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Ó ní wọ́n ń pariwo bí òróró tó gbóná, àti pé kò yẹ kí àlejò pàtàkì máa gbọ́ irú ariwo bẹ́ẹ̀ níbi tí òun wà. Akọ̀wé rẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń rẹ́rìn-ín kí ọ̀gá tó dé ibi ẹ̀rín nínú àwàdà rẹ̀, pàtẹ́wọ́. "Ọgbọ́n ńlá nìyẹn, ọ̀gá!"

Ìlànà àtijọ́ kan ṣoṣo ni Ọ̀gá Àgbà kò rántí pa rẹ́. Àwọn tó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ti rò ó pé ọjọ́ kan lè dé tí fóònù gbogbo ìlú yóò dákẹ́. Bó bá ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ dúró sí oríta tirẹ̀, kí ará ìlú lè sáré wá bá a níbẹ̀, kí awakọ̀ sì máa fi làákàyè ara rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ẹnu ọ̀gá àgbà nìkan ni ìkéde náà ti lè jáde, ẹnu lásán sì tó. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni: "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti kú." Látìgbà tí Gbohùngbohùn ti gorí àga, kò tíì sọ ọ́ rí, nítorí pé kò sọ ọ́ rí yìí gan-an ni wọ́n sì ṣe fẹ́ gbé e ga.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bọ́rọ̀ ṣe rí kó yé yín. Ipò Olórí Ètò Pàjáwìrì fún gbogbo orílẹ̀-èdè ṣófo. Mínísítà fúnra rẹ̀ ń bọ̀ wá fún un. Ìwé ti wà nínú báàgì ìyá náà, ìbuwọ́lùwé rẹ̀ ló kù, yóò sì ṣe é níwájú gbogbo èèyàn ní gbọ̀ngàn òkè. Ọ̀gá Àgbà kò dúró kí ẹyin pa kó tó máa ka òròmọdìẹ. Ó ti sọ fún gbogbo ẹbí. Ìyàwó rẹ̀ ti pe àwọn ará àdúgbò, ó ti kó ohun mímu sínú yìnyín, ó sì ti pe bàbá tirẹ̀, bàbá tó ti ń sọ láti ọjọ́ ìgbéyàwó pé ẹnu nìkan ni ọkọ ọmọ òun ní. Bí ipò yìí bá bọ́, kì í ṣe ipò nìkan ló bọ́. Ojú tí yóò fi wo bàbá yẹn náà bọ́.

Nítorí náà, ó múra ọjọ́ náà bí ẹni tó ń lọ fẹ́ ọmọ ọba. Ó kọ́ àkọlé ńlá kan sí iwájú ilé-iṣẹ́: KÒ JÁ RÍ, KÒ NÍ JÁ LÁÉ. Ó ní kí wọ́n so jẹnẹrétọ̀ mọ́ gbọ̀ngàn nìkan, kí iná má baà ṣẹ́jú lórí òun lásìkò ọ̀rọ̀, kí afẹ́fẹ́ tútù sì tó. Wọ́n ní, ọ̀gá, yàrá ìpè ńkọ́? Ó ní, ṣé yàrá ìpè ni Mínísítà ń bọ̀ wá wò? Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi. Omi ló gbà pé ó ń mú ohùn dán, ìgò lé ìgò ló sì ń gbé dà sọ́nà ọ̀fun láti àárọ̀.

Àwọn tó ń wa ilẹ̀ láti tún títì ṣe ló kọ́kọ́ dá a sílẹ̀. Ẹ̀rọ wọn gé wáyà ńlá kan nínú ilẹ̀, gbogbo fóònù ìlú sì dákẹ́ wìì.

Ọ̀gá Àgbà ti dúró sí ẹnu ọ̀nà láti pàdé Mínísítà nígbà tí Àǹtí Hàló sáré bọ́ sílẹ̀. Àǹtí Hàló ni olórí yàrá ìpè, obìnrin tí "hàló" ti mọ́ lẹ́nu débi pé bó ṣe ń kí ọkọ rẹ̀ láàárọ̀ nìyẹn.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Ìpè kankan ò wọlé mọ́. Ẹ bá wa kéde, káwọn ọkọ̀ lè bọ́ sí oríta."

"Ṣé orí ẹ pé? Lónìí? Abẹ́ àkọlé tó wà lókè yìí ni kí n ti máa kéde òkú?"

"Ọ̀gá, àwọn èèyàn lè wà níta tí wọ́n ń wá wa."

"Gbọ́ mi dáadáa. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò kú. Ó ń sinmi ni. Ohun tó bá ṣiṣẹ́ takuntakun lábẹ́ mi, ṣé kò yẹ kó sinmi? Lọ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo ìlú pé kò sóhun tó ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kí wọ́n fọkàn balẹ̀."

"Kí la máa fi rán an, ọ̀gá?"

"Fóònù ńkọ́?"

Àǹtí Hàló wò ó títí, ó wo Akọ̀wé, bóyá ìyẹn á fọhùn.

"Ọgbọ́n ńlá nìyẹn, ọ̀gá!" ni Akọ̀wé wí.

Bí ọkọ̀ Mínísítà ṣe wọlé nìyẹn. Ìyá àgbàlagbà ni, ara rẹ̀ le koko, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀. Ó wo àtẹ̀gùn, ó ní òun fẹ́ fẹsẹ̀ gùn ún. Ọ̀gá Àgbà fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀. "Háà, Mínísítà wa ọlọ́lá! Kí ẹsẹ̀ yín máa gun òkúta nígbà tí mo wà láyé? Lífíìtì wà, mà. Èmi àti ẹ̀yin nìkan la máa wọ̀ ọ́, kí èémí ẹlòmíràn má dí yín lọ́wọ́."

Wọ́n wọ̀ ọ́. Nígbà yẹn gan-an làwọn tó ń wa ilẹ̀ ní kí àwọn wa ilẹ̀ náà jìn sí i díẹ̀, káwọn wo ohun táwọn gé. Wọ́n wà á, wọ́n sì gé wáyà iná mọ́ ọn. Lífíìtì náà mì, ó dúró láàárín àjà kan sí òmíràn, òkùnkùn sì bò wọ́n, àfi gílóòbù pupa kékeré kan tó ń fi bátìrì tàn lókè.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?" ni Mínísítà bi í.

"Ó ń fún wa láyè láti ronú ni, mà."

Ó tẹ bọ́tìnnì pàjáwìrì. Ẹ̀yin náà ẹ bá mi wò ó. Ibi tí bọ́tìnnì yẹn ń pè kò ju yàrá ìpè tirẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ, fóònù ló sì ń gbà lọ. Ó tẹ̀ ẹ́ títí ìka fi ń dùn ún. Mínísítà yọ fóònù tirẹ̀, ó ní kò lọ, ó bi í bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sí ni.

"Ó wà dáadáa, mà. Ògiri wa ló nípọn. Lábẹ́ àbójútó mi ni wọ́n kọ́ ọ."

Ooru bẹ̀rẹ̀ sí í mú. Mínísítà bọ́ bàtà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fa ìwé kan yọ nínú báàgì, ó sì ń fi fẹ́ ara rẹ̀. Nínú iná pupa yẹn, Ọ̀gá Àgbà rí orúkọ ara rẹ̀ tó ń lọ sọ́tùn-ún, tó ń bọ̀ sósì níwájú imú Mínísítà. Ọkàn rẹ̀ ń bá ìwé náà lọ, ó ń bá a bọ̀. Ó rò ó pé bí òun kò bá ṣáà ti fi ẹnu ara òun sọ ọ́, kò tíì ṣẹlẹ̀, ìbuwọ́lùwé sì lè wáyé nínú òkùnkùn pàápàá.

Ohùn kan dún lẹ́yìn ilẹ̀kùn lókè orí wọn. "Ọ̀gá, ṣé ẹ̀ ń gbọ́? Bàbá Sùúrù ni."

"Ẹ ṣeun o! Ẹ gbé irin yín wá, ẹ ṣílẹ̀kùn yìí kíákíá!"

"Irin wà nínú ọkọ̀, ọ̀gá. Ẹ ṣáà pè mí lórí fóònù, màá gbé e lójú ẹsẹ̀."

"Bàbá, èmi ni mò ń sọ̀rọ̀ yìí! Àbí ẹ ò mọ ohùn mi ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n, ọ̀gá. Mo mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ ojú fèrèsé náà, òun ló gbé mi jókòó sílé."

Mínísítà dá ọwọ́ abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ dúró. "Ọjọ́ ojú fèrèsé wo?"

Bàbá Sùúrù rò ó fún un látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò yára, kò sì fi nǹkan kan sílẹ̀, ó tilẹ̀ ṣe ohùn ọ̀gá bó ṣe dún. Ẹ lè bi mí pé, ṣé wọn ò lè gbé irin láìgba àṣẹ ni? Wọ́n lè gbé e. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ìyà kọ́ ènìyàn lẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ bínú bí onítọ̀hún bá mọ̀ ọ́n dunjú. Ìyẹn lójú tèmi o.

"Ọ̀gá, ẹ kúkú kéde," ni Àǹtí Hàló wí láti ẹ̀yìn Bàbá Sùúrù. "Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni. Tẹ́ ẹ bá ti sọ ọ́, olúkúlùkù á máa lo làákàyè ẹ̀."

"Ọ̀rọ̀ mẹ́ta wo?" ni Mínísítà bi í.

Àǹtí Hàló ṣàlàyé. Mínísítà yíjú sí Ọ̀gá Àgbà. "Ṣé òótọ́ ni?"

"Mà, àwọn òṣìṣẹ́ kì í mọ ìyàtọ̀ láàárín ikú àti oorun."

Wọ́n ṣì wà lórí èyí nígbà tí ẹnìkan gun àtẹ̀gùn wá pẹ̀lú igbe. Onígbàjámọ̀ kan ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà síbẹ̀, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, irun oníbàárà kún un. Ó pe nọ́ńbà pàjáwìrì títí, kò lọ, ló bá gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó wà á wá. Ó bá áńbúláǹsì lórí ìlà nínú ọgbà, awakọ̀ kọ̀ọ̀kan wà nínú tirẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, gbogbo wọn ń wo fóònù bí ẹni ń wo ẹnu ọ̀nà fún àlejò.

"Ẹ gbà mí o! Ìyàwó mi ń rọbí! Agbẹ̀bí tó wà lọ́dọ̀ ẹ̀ ní ẹsẹ̀ lọmọ fi ń bọ̀, ó ní ká tètè gbé e dé ọsibítù. Kí ni wọ́n ń retí nísàlẹ̀ yẹn?"

"Ẹni tí wọ́n ń retí ló wà nínú ibí yìí," ni Bàbá Sùúrù dá a lóhùn, wọ́n sì gbọ́ bó ṣe fọwọ́ lu ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan.

Onígbàjámọ̀ gbé ẹnu sí àlàfo ilẹ̀kùn. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ àkọ́kọ́ wa ni. Ẹ dákun, ẹ bá mi sọ ọ́."

Ẹ má rò pé Ọ̀gá Àgbà kò gbọ́. Ó gbọ́, ó sì dùn ún. Ó ya ẹnu, "Nẹ́..." jáde, ó sì wo ìwé tó wà lọ́wọ́ Mínísítà. Ó pa ẹnu dé. Ó tún un yà. "Ọ̀dọ́kùnrin," ó ní, "ní orúkọ ilé-iṣẹ́ yìí, àti ní orúkọ gbogbo àwọn tó fi ẹ̀mí wọn jìn fún ìtẹ̀síwájú ètò ìpè, mo bá ọ yọ̀ ṣáájú..."

"Sọ ọ́," ni Mínísítà wí.

"Mà, àkọsílẹ̀ wa..."

"Mo ní kó o sọ ọ́. Mo bẹ̀ ẹ́." Ẹ kíyè sí i pé "ẹ̀yin" tí ìyá náà fi ń bá a sọ̀rọ̀ látàárọ̀ ti bọ́ sílẹ̀.

Lókè, Àǹtí Hàló kò dúró tì wọ́n mọ́. Ó pe nọ́ọ̀sì kan láti inú ọgbà. Ó ní òfin sọ pé kí ọkọ̀ má gbéra. Kò sọ pé kí nọ́ọ̀sì má jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ nọ́ọ̀sì àti ti onígbàjámọ̀ bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú àtẹ̀gùn. Mínísítà ń fẹ́ ara rẹ̀, ó sì ń wo ọ̀gá wa bí ẹni ń wo ẹran tí wọ́n fẹ́ tà fún un.

Ibi tí omi ìgò lé ìgò ti wọ ọ̀rọ̀ náà nìyí. Ó kọ́kọ́ wá jẹ́jẹ́. Ọ̀gá Àgbà gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì. Lẹ́yìn náà, ó pa ipò dà. Ó gbìyànjú láti ronú nípa aṣálẹ̀. Ó fi iwájú orí gbá ògiri, ó fi ẹ̀yìn tì í, ó ń súfèé, òógùn sì bò ó.

"Kí ló dé?" ni Mínísítà bi í.

"Kò sí, mà. Ayọ̀ ni."

Ìtọ̀ kì í ka oyè ẹnì kan sí. Ó dé ibi tó ń dé, Ọ̀gá Àgbà sì rí i pé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i, ohun kan yóò ṣẹlẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ Mínísítà tí gbogbo àkọlé ayé kò ní lè bò. Ó gbé orí sókè, ó ya ẹnu, ó sì ké débi pé wọ́n gbọ́ ọ ní gbọ̀ngàn òkè, tí gbohùngbohùn ti ń dúró dè é:

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti kú! Ó ti kú! Ó kú pátápátá! Bàbá Sùúrù, ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ gbà mí o!"

Kò tíì pa ẹnu dé tí ẹ́ńjìnnì fi bú nísàlẹ̀. Ọkọ̀ tú jáde lọ́gbà, kálukú sí oríta tirẹ̀, áńbúláǹsì àkọ́kọ́ sì gba ọ̀nà ilé onígbàjámọ̀. Kí n tètè sọ èyí fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀: nọ́ọ̀sì ti bá wọn níbẹ̀, ọkọ̀ bá nọ́ọ̀sì níbẹ̀, wọ́n dé ọsibítù lásìkò. Obìnrin ni ọmọ náà, igbe rẹ̀ sì lágbára.

Bàbá Sùúrù fi irin ya ilẹ̀kùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìwà ọmọlúàbí, ẹ mọ̀ pé ìyá àgbà ló yẹ kó kọ́kọ́ jáde. Ọ̀gá Àgbà tẹ báàgì Mínísítà mọ́lẹ̀, ó gun èjìká Bàbá Sùúrù bí ẹni gun àkàbà, ó sì kọjá lára gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú eré tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ó lè sá.

Nígbà tó fi padà wálẹ̀ pẹ̀lú kóòtù tó ti tún ṣe, Mínísítà ti wà nínú ọgbà lórí àga kan lábẹ́ àkọlé, bàtà rẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ àti àlejò yí i ká. Ọ̀gá Àgbà wúkọ́ láti la ọ̀fun.

"Mínísítà wa ọlọ́lá, ẹ̀yin èèyàn pàtàkì, ohun tó ṣẹlẹ̀ lónìí fi hàn pé nígbà ìṣòro, olórí tòótọ́..."

"Dákẹ́," ni Mínísítà wí. "Wọ́n bẹ̀ ẹ́ nítorí aboyún, o ò sọ ọ́. Èmi tí mo tó bí ẹ lọ́mọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ooru, mo bẹ̀ ẹ́, o ò sọ ọ́. Ìtọ̀ bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, o ké. Mo ti wá mọ ẹni tó jẹ́ ọ̀gá ẹ. Kóun náà fún ẹ nípò."

Ó fa ìwé náà ya sí méjì, ó tún un ya. Ó ní kó kó gbogbo kọ́kọ́rọ́ tó wà lápò rẹ̀ fún Àǹtí Hàló, kó máa lọ sílé. Àǹtí Hàló gbà á, ó sì gba abẹ́ àtẹ̀gùn lọ tààrà láti kó wọkí-tọkí jáde.

Akọ̀wé wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó pàtẹ́wọ́. "Ọgbọ́n ńlá nìyẹn, Mínísítà wa!"

Ẹsẹ̀ ni Ọ̀gá Gbohùngbohùn fi rìn délé. Lójú ọ̀nà, ó rí bí ìlú ṣe ń ṣe láìsí fóònù: ìyá kan dúró sí òkè ilé ó ń ké sí ìyá mìíràn lókè ilé kejì kó bá òun wo ọmọ òun, olùkọ́ kan ń mú àwọn ọmọ ilé-ìwé lọ sílé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, áńbúláǹsì kan sì wà ní oríta, awakọ̀ rẹ̀ ń di ọgbẹ́ fún ọkùnrin kan tó ṣubú lórí kẹ̀kẹ́. Kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan. Àánú rẹ̀ ṣe mí díẹ̀ níbẹ̀, kì í ṣe púpọ̀.

Ó ti pinnu pé òun yóò sọ ọ́ fún ìyàwó òun ní kọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ìròyìn kò lè ṣáájú rẹ̀ délé lọ́jọ́ yẹn. Bó ṣe ṣílẹ̀kùn, ayọ̀ ni wọ́n fi pàdé rẹ̀. Yàrá kún fọ́fọ́. Wọ́n ń kọrin. Ìyàwó rẹ̀ dì mọ́ ọn, ó ń bi í pé, "Báwo ló ṣe lọ, bàbá àwọn ọmọ mi?" Kó tó dáhùn, bàbá ìyàwó rẹ̀, bàbá tí kò dìde fún un rí láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ọmọ rẹ̀, fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ sókè pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún, ó dìde dúró.

"Ó lọ dáadáa," ni Ọ̀gá Àgbà wí.

Ẹnìkan ti yá gbohùngbohùn wá, kékeré kan tó ń lo bátìrì. Wọ́n fi lé e lọ́wọ́. Ẹ mọ̀ ọ́n. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ìgbà èwe rẹ̀. Ó sọ bí Mínísítà ṣe di ọwọ́ òun mú, bó ṣe ní orílẹ̀-èdè kò tíì ní irú òun rí, omijé sì wà lójú ara rẹ̀ nítorí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dùn tó. Bàbá àna ṣì wà lórí ìdúró, ó fara ti ọ̀pá rẹ̀, ó ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ìgbà náà ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì padà dé. Fóònù kan dún nígun yàrá. Òmíràn dún lórí tábìlì, òmíràn nínú báàgì, lẹ́yìn náà gbogbo wọn dún pa pọ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ gbogbo ọjọ́ náà ń rọ́ wọlé. Àwọn èèyàn tẹ orí ba, wọ́n kà á. Wọ́n gbé orí sókè, wọ́n wò ó, wọ́n tún tẹ orí ba. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi ku èémí nìkan nínú gbohùngbohùn.

Ìyàwó rẹ̀ ló kà á kẹ́yìn, nítorí ojú àwọn èèyàn ló kọ́kọ́ wò. Ó gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó pa á.

"Ẹ ti mọ̀ kẹ́ ẹ tó wọlé, àbí?"

"Mo mọ̀."

"Ẹ sì jẹ́ kí bàbá mi dìde fún yín."

Bàbá náà kò mọ̀wé kà, kò sì ní fóònù, ṣùgbọ́n ó ti ń fi ọwọ́ kan wá àga rẹ̀ lẹ́yìn. Ó rí i, ó sì jókòó.